Alángbá Onírùngbọ̀n Tí Ìyà Ti Jẹ: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Kó Tún Gbérí

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn nìkan ni wọ́n ń fi í sọ, títí di ọjọ́ tí mo gba alángbá kan lọ́wọ́ aládùúgbò mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ni ín. Ọmọ náà wọ yunifásítì ní ìlú mìíràn, ó fi ẹran sílẹ̀ fún ìyá tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà. Ìyá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ju ewé létíùsì sínú àpótí, a sì tilẹ̀kùn. Gílóòbù tó yẹ kó máa fún ẹran náà ní ooru ti jó láti bí oṣù mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tó gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró nìyẹn.

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun. Gíráàmù 198. Èyí tó bá ti dàgbà nínú irú rẹ̀ sábà máa ń wọ̀n láàárín 300 sí 500. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì yọ gọngọ lábẹ́ awọ. Mo sọ ọ́ ní Alàgbà, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀, àti nítorí pé díẹ̀ báyìí ló kù kí Alàgbà di alángbá lẹ́nu ẹni tó bá ń yára sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo kọ́ lára rẹ̀ àti lẹ́nu dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ni mo kọ síbí, fún ẹnikẹ́ni tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo yòókù, ẹ má gbàgbé bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra: ooru, omi, lẹ́yìn náà oúnjẹ. Àánú tó bá fi oúnjẹ ṣáájú lè pa á.

Irú alángbá tí à ń sọ

Bearded dragon ni òyìnbó ń pè é. Ilẹ̀ gbígbẹ àárín Ọsirélíà ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n máa kó ẹranko ilẹ̀ wọn lọ tà sókè òkun. Àwọn tí à ń rí ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, inú ilé ni wọ́n ti ń sìn wọ́n látìrandíran. Ẹbí kan náà ni òun àti alángbá olórí pupa tó ń mi orí lórí ògiri nílé wa, òun náà a sì máa mi orí bẹ́ẹ̀. Láti imú dé ìpẹ̀kun ìrù, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60, ó sì lè gbé tó ọdún 10 bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Tirẹ̀ ni ìtọ́jú tí mo kọ síbí. Ẹ má gbé e lọ bá ọ̀gà tàbí ọmọ́nílé. Ìrì orí ewé ni ọ̀gà ń lá, kì í sábà yà sí omi inú abọ́, ooru tí èyí ń fẹ́ sì lè dá a lágara títí tí yóò fi kú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ní àtàrí alángbá yìí, ojú kẹta kan wà níbẹ̀ tó dà bí àmì kékeré láàárín ìpẹ́. Kò lè fi í rí ènìyàn tàbí oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń fi í mọ̀, nítorí pé láti òkè ni àwọn ẹyẹ tó ń pa á jẹ ti ń wá. Ọwọ́ tó bá ti òkè bọ̀, àṣá ni lójú tirẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wá, níbi tó ti lè rí yín, kí ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ àyà rẹ̀, kí ọwọ́ kejì gbé ìdí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ má fi ìrù fà á. Ìrù ọmọ́nílé a máa hù padà bó bá já, tirẹ̀ kì í hù.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ má dúró di ọ̀la, dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an: kí ọwọ́ tàbí ìka rẹ̀ máa gbọ̀n bí ẹni tí gírí mú, kí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀ bíi rọ́bà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tàbí kó tẹ̀, kó máa wọ́ ikùn nílẹ̀ nítorí pé kò lè gbéra, kí ẹran inú yọ síta ní ihò ìdí rẹ̀, kí ìpẹ̀kun ìrù dúdú, kó sì gbẹ, kí ojú iná wà lára rẹ̀, kí awọ rẹ̀ máa yọ èépá aláwọ̀ ìyeyè tàbí ti ilẹ̀. Ti ẹnu yíyà ni ó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Bó bá ń yá oòrùn tó la ẹnu sílẹ̀, ooru ló ń yọ, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu níbi tí kò gbóná, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń yọ tàbí tí èémí rẹ̀ ń dún, ẹ̀dọ̀fóró ni kí ẹ fura sí.

Irùngbọ̀n tó di dúdú bí èédú nígbà tí ẹ gbé e délé kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ àpótí kan, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé sẹ́yìn fún bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ooru àti ìmọ́lẹ̀

Ara alángbá kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi tiwa. Ooru tó bá yá lára òkúta ló fi ń ṣe ohun gbogbo: ló fi ń rìn, ló fi ń bá àìsàn jà, ló sì fi ń da oúnjẹ. Bí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ tó wọ inú rẹ̀ yóò jókòó síbẹ̀ títí yóò fi rà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ooru ló ṣáájú.

Àpótí fún àgbà kan kò gbọdọ̀ kéré ju sẹ̀ǹtímítà 120 ní gígùn, 60 ní fífẹ̀ àti 60 ní gíga. Kì í ṣe fáàrí. Ó gbọ́dọ̀ ní ìhà gbígbóná àti ìhà tútù, kó lè máa rìn lọ rìn bọ̀ láàárín méjèèjì bó ti wù ú. Ní ìhà gbígbóná, ẹ gbé òkúta pẹrẹsẹ sábẹ́ gílóòbù, kí ojú òkúta náà gbóná tó dígírì 38 sí 42. Kí ìhà kejì wà ní nǹkan bí 24. Lóru, ẹ má jẹ́ kó já sí ìsàlẹ̀ 20. Fún èyí tó ń ṣàìsàn, èmi kì í fẹ́ kó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ díwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà tó ní okùn, kí ẹ fi orí rẹ̀ lé ojú òkúta gan-an, kí ẹ sì so gílóòbù mọ́ thermostat, ẹ̀rọ tó ń dín ooru kù bó bá ti pọ̀ jù, kó má baà sun ún. Kí àwọ̀n wà lára gílóòbù. Òkúta oníná tí wọ́n ń tà, èyí tó ń gbóná láti inú, ẹ má rà á. Ikùn alángbá kì í tètè mọ̀ pé òun ń jóná.

Ẹran tí kò lágbára lè jábọ́ lórí igi. Nítorí náà, ẹ kó igi gíga kúrò ná, kí òkúta rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni èkejì, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú tín-ín-rín. Iná ọ̀pá tó ń tan UVB ni mò ń sọ, kì í ṣe gílóòbù ooru. Inú oòrùn ni UVB ti ń wá. Òun ni awọ alángbá fi ń ṣe fítámì D3, fítámì yẹn ló sì ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọ ara. Bí kò bá sí i, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kálísíọ̀mù láti inú egungun, bí ẹni tó ń yọ bíríkì lára ògiri ilé tó ń gbé láti fi dáná. Egungun á rọ̀, á tẹ̀, á ṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni lù ú. Àìsàn yìí ló wọ́pọ̀ jù lára alángbá tí wọ́n pa tì. Alàgbà ní díẹ̀ nínú rẹ̀: apá òsì rẹ̀ ṣì tẹ̀ títí dòní. Rírọ̀ egungun lè lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti tẹ̀ kì í sábà tọ́ mọ́.

Ẹ ra ọ̀pá T5, irú iná ọ̀pá tín-ín-rín kan, tí ìwọ̀n UVB rẹ̀ jẹ́ 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kó gùn tó ìdajì àpótí ó kéré tán, kó sì wà nínú àpótí ní ìhà tí ooru wà. Kó jìnnà sí ẹ̀yìn ẹran ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40. Ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Gíláàsì kì í jẹ́ kí UVB kọjá. Aládùúgbò mi ní, “Ṣebí ojú fèrèsé ló wà, oòrùn sì ń wọlé.” Oòrùn tó gba gíláàsì wọlé kò ní ohun tí à ń wá mọ́, ìmọ́lẹ̀ lásán ni. Kí iná méjèèjì máa tàn fún wákàtí 12, kí òru sì ṣókùnkùn. Kò nílò iná pupa tí wọ́n ní ó wà fún alẹ́.

Yanrìn tó wà nílẹ̀ àpótí, ẹ gbọ́n ọn dànù. Alángbá aláìlera á máa gbé e mì mọ́ oúnjẹ, inú rẹ̀ á sì dí. Ìwé ìròyìn tàbí tíṣù ló dára jù ní àsìkò àìsàn, ẹ ó sì lè rí ìgbẹ́ rẹ̀ dáadáa lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní alángbá mìíràn nílé, yàrá ọ̀tọ̀, abọ́ ọ̀tọ̀.

Omi

Lẹ́yìn tí ó bá ti yá ooru fún ọjọ́ kan, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lómi. Ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀. Alángbá kì í tọ̀ bíi tiwa; ohun funfun rírọ̀ kan ló máa ń jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ rẹ̀. Bó bá funfun bí ẹfun tó lómi, ó dára. Bó bá pọ́n, tó sì le bí òkúta wẹẹrẹ, òùngbẹ ti pa á dé ibi tó léwu. Ojú tó jìn àti awọ tí kì í tètè padà sípò bí ẹ bá fà á díẹ̀, àmì kan náà ni.

Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ oníke, bíi dígírì 32, kó má ju ìgúnpá rẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ gbé fóònù. Èyí tó rẹ̀ a máa kú sínú omi tí kò jìn. Àwọn kan ní ìdí ló fi ń mu omi. Ẹnu ló fi ń mu ún. Ẹ fi ìka kan omi sí etí ètè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò yọ ahọ́n lá a. Ẹ má fi síríńjì fún omi lọ sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀: ìdí ahọ́n níbẹ̀ ni ihò èémí rẹ̀ wà, ẹ̀dọ̀fóró ni omi yóò gbà lọ. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ dá a padà sábẹ́ ooru. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ lè dín in kù.

Ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn ní àsìkò yẹn. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti kúnlẹ̀ ti abọ́.

“Kí lò ń wẹ̀ yẹn?”

“Alángbá ni, Màámi. Ara rẹ̀ ni ò yá.”

Wọ́n wò mí títí. “Alángbá tí o máa ń fi òkò lé lórí ògiri Bàbá rẹ? Òun lo wá ń wẹ̀ fún nílùú òyìnbó?” Wọ́n ké sí àbúrò mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, kó wá gbọ́ ohun tí Lọ́ńdọ̀nù sọ mí dà.

Ohun kan wà tí Màámi kò ṣì sọ níbẹ̀: wọ́n ní abọ́ yẹn kò gbọdọ̀ tún wọ ilé ìdáná. Òótọ́ ni. Alángbá tí ara rẹ̀ le koko pàápàá lè ní kòkòrò salmonella nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà fún ènìyàn. Abọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, kàn-ìn-kàn-ìn rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má da omi rẹ̀ sí ibi tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nígbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún àti ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àìsàn má fọwọ́ kàn án rárá.

Dókítà

Bí kò bá tilẹ̀ sí àmì pàjáwìrì, ẹ gbé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló mọ ẹranko afàyàfà. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ béèrè. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ bá mọ ajá àti ológbò dunjú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ fítámì ló fẹ́ gún Alàgbà kó tó béèrè irú iná tó wà nínú àpótí rẹ̀. Mo gbé ẹran mi, mo sì wá ẹlòmíràn. Èyí tó mọ iṣẹ́ yóò bi yín léèrè iná àti ooru kó tó fọwọ́ kan ẹran.

Ẹ mú ìgbẹ́ tuntun dání nínú ike mímọ́. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún aràn àti coccidia, kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun. Aràn díẹ̀ kì í ṣe ìṣòro fún alángbá tó lágbára, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyà bá ti jẹ ẹ́, wọ́n á bí sí i láìníye. Wọ́n lè ya X-ray láti wo egungun, kí wọ́n sì fún un ní kálísíọ̀mù olómi. Ẹ má lo oògùn ènìyàn, ẹ má lo oògùn aràn màlúù tàbí ti ajá. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi díẹ̀ ṣì, ẹran tí kò tó gíráàmù 200 kò ní ibi tí yóò gbé e sí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin Animal Welfare Act ti ọdún 2006 ní ẹni tí ẹran bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ohun tó nílò. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká owó rẹ̀, kó ké sí RSPCA, ẹgbẹ́ tó ń gba ẹranko lọ́wọ́ ìyà, tó ti wà láti ọdún 1824, dípò tí yóò fi máa wò ó níran.

Oúnjẹ

Kò sẹ́ni tó ń fi iyán ṣínu ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gígùn. Ẹ̀kọ ló ń kọ́kọ́ mu. Ara tí ebi ti pa fún oṣù púpọ̀ kò lè gba oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dà rú, ọkàn á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ó bá ti ń fúnra rẹ̀ lọ yá ooru, ẹ fún un ní ewé díẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ àti kòkòrò kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta. Ìrẹ̀, eṣú kékeré tàbí aáyán dubia tí wọ́n ń tà fún wọn ló dára. Kí kòkòrò má fẹ̀ ju àlàfo tó wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ẹ fún kòkòrò náà ní ewé àti kárọ́ọ̀tì jẹ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ wá fi ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù bò wọ́n kí ẹ tó gbé e fún un. Kòkòrò tí ẹ mú ní pápá, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè ti jẹ oògùn apakòkòrò. Tanátaná lè pa á, bó ti wù kó kéré tó.

Ní ti ewé, spring greens, rocket, watercress àti ewé dandelion tí wọn kò fín oògùn sí ni mo ń lò, pẹ̀lú elégédé tí mo fi gírétà rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí spinach. Mo mọ̀ pé òun ló kún inú fìríìjì wa. Ásíìdì kan wà nínú wọn tó ń so mọ́ kálísíọ̀mù, kò sì ní jẹ́ kí ara rí i lò. Ẹran tí egungun rẹ̀ ti rọ̀ kọ́ ni irú rẹ̀ yẹ. Píà àti rhubarb jẹ́ májèlé fún un. Létíùsì kò pa á lára, ṣùgbọ́n omi lásán ni.

Bí kò bá jẹun, ẹ má là á lẹ́nu pẹ̀lú ipá. Àgbọ̀n tó rọ̀ lè ṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Dókítà lè fún yín ní oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pò, kó sì fi bí ẹ ó ṣe máa kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ hàn yín. Ọjọ́ mẹ́fà ni Alàgbà kò fi jẹ nǹkan kan. Ní ọjọ́ keje, mo na eṣú kan sí i, mo ti gbójú kúrò. Ó gbá a mú. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó rọra yí i po lójú òfuurufú bí ẹni tó ń juwọ́ síni. Gbogbo ilé hó. Mo padà mọ̀ pé kì í ṣe ọpẹ́: bí alángbá kékeré ṣe ń sọ fún àgbà pé òun kò wá ìjà nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi ni.

Awọ ara rẹ̀

Awọ tó kọ̀ tí kò bọ́ máa ń so mọ́ ìka ẹsẹ̀ àti ìpẹ̀kun ìrù. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, á fún bí òwú, ẹ̀jẹ̀ kò ní kọjá mọ́, ìka á kú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, lójoojúmọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ya á. Ẹ wo etí ojú àti abẹ́ abíyá rẹ̀ náà fún kòkòrò dúdú tàbí pupa wẹẹrẹ tó ń rìn.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, kó tó jẹun. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ yóò kàn máa dààmú ara rẹ̀, nítorí ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè yí nọ́ńbà padà. Ti Alàgbà: 198 ní ìbẹ̀rẹ̀, 206 ní ọ̀sẹ̀ kejì, tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, 251 ní oṣù kejì, 340 ní oṣù kẹfà. Ẹ kọ ohun tó jẹ àti bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí síbẹ̀ pẹ̀lú, ìwé yẹn ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà òtútù, àwọn tó ti dàgbà a máa sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìjẹun. Èyí tó lera lè ṣe é. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ìyà kò ní ọ̀rá tí yóò fi sùn, nítorí náà ẹ má dín iná rẹ̀ kù, bó bá sì ń sùn ṣáá, ẹ pe dókítà.

Ẹ ó mọ̀ pé ó ti gbérí bí ó bá ń gbé ikùn kúrò nílẹ̀ tó bá ń rìn, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ funfun, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì já fún oṣù méjì. Ẹ tún gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín kòkòrò kù sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ewé gba ipò rẹ̀, torí àgbà tó ń jẹ kòkòrò lójoojúmọ́ á sanra lásán. Kí ẹ sì fi báírò kọ déètì tí ẹ ra ọ̀pá UVB sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 12, ó ṣì lè máa tàn bí ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n UVB rẹ̀ ti dínkù, òmíràn ni kí ẹ rà.